Làákàyè Jẹ́ Àmánà: Ohun tí Kokéènì Ń Fi Ọpọlọ Ọmọ Ènìyàn Ṣe

Kútúbà Jímọ̀ láti ẹnu Náíbù Imáàmù, Sẹkọna, Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

KÚTÚBÀ ÀKỌ́KỌ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fi làákàyè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Òun ni à ń yìn, Òun ni à ń ké pè fún ìrànlọ́wọ́, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a sì ń tọrọ àforíjìn. A ń wá ìṣọ́ Rẹ̀ kúrò níbi aburú ẹ̀mí wa àti aburú iṣẹ́ ọwọ́ wa. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ẹrúsìn Rẹ̀ ni, Òjíṣẹ́ Rẹ̀ sì ni.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti gbogbo yín níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba, nítorí ẹni tí ó bá bẹ̀rù Rẹ̀ ni yóò rí ọ̀nà àbáyọ.

Kí Ramadáànì tí ó kọjá tó wọlé, ìyá kan wá bá wa lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti Èkó dé, kokéènì sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà ti di Kùránì mú níwájú wa, tí ó búra pé òun ti jáwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó padà sídìí rẹ̀. Nígbà tí bátìrì ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wá di àwátì, tí a sì gbọ́ pé òun ni ó gbé e tà, àwa àgbà mọ́ṣáláṣí fẹnu kò pé kí ó má ṣe wá síbí mọ́. A ní ọmọ náà ń fi orúkọ Ọlọ́hun ṣeré. Ìyá náà wò wá títí, ó ní: “Ẹ̀yin àfáà, ẹ ti lé e kúrò ní ilé Ọlọ́hun. Ilé ta ni kí ó wá lọ?”

A kò rí èsì fọ̀. A ti gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu ìyá náà kí a tó sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wádìí ẹni tí ó jẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a sùn. Òun ni ó gbé wa lọ bá àwọn oníṣègùn, òun náà ni ó sì dá wa padà sídìí ìwé. Kútúbà òní ni èsì tí ó yẹ kí a ti fún un lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kọ́ wa pé ohun márùn-ún ni òfin Ìsìláàmù wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, àrọ́mọdọ́mọ àti dúkìá. Imáàmù Al-Ghazālī, tí ó papò dà ní ọdún 1111, wà lára àwọn tí ó to márààrún lẹ́sẹẹsẹ fún wa. Ẹ jẹ́ kí á wo ipò tí làákàyè wà láàárín wọn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ fún wa pé a gbé kálámù kúrò lórí ẹni mẹ́ta: ẹni tí ó sùn títí yóò fi jí, ọmọdé títí yóò fi bàlágà, àti wèrè títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Èyí fi hàn pé orí làákàyè ni ìrun, ààwẹ̀ àti gbogbo ojúṣe wa dúró lé. Àmánà ni Ọlọ́hun fi ṣe lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba àmánà jẹ́ yóò dáhùn níwájú Ẹni tí ó ni ín.

Nínú Súrà Al-Mā'idah, àyah 90 àti 91, Ọlọ́hun ka ọtí àti tẹ́tẹ́ mọ́ ẹ̀gbin iṣẹ́ Èṣù, Ó sì pàṣẹ kí á jìnnà sí wọn. Ó ṣàlàyé pé Èṣù ń fi wọ́n dá ọ̀tá sílẹ̀ láàárín wa, ó sì ń fi wọ́n dí wa lọ́wọ́ ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń bi wá pé: “Àfáà, níbo ni Kùránì ti dárúkọ kokéènì?” Èsì rẹ̀ kò jìnnà. Sàyídínà Umar dúró lórí mínbárì ní Mẹ̀dínà, ó sì là á yé àwọn ènìyàn pé gbogbo ohun tí ó bá ti bo làákàyè ni ọtí. Kò wo ìgò, kò wo orúkọ. Ohun tí nǹkan náà ń ṣe sí làákàyè ni ó wò. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni kí á fi wọn kokéènì lónìí.

Kí á kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ewé igi kan tí wọ́n ń pè ní koka, tí ó ń hù ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, Perú àti Bòlífíà, ni wọ́n fi ń ṣe kokéènì. Kò sí ẹni tí ó gbìn ín ní Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò rẹ̀ ti sọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o lọ sí Yúróòpù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àjọ NDLEA ya wọ ilé ìkẹ́rù kan ní Ìkòròdú, wọ́n sì bá kokéènì tí ó lé ní 1,800 kílógíráàmù níbẹ̀. Àjọ náà sọ pé òun kò tíì gba kokéènì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ kan tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe alága rẹ̀ ti kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn olóró ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti kúrò ní ti ẹrù tí ń kọjá lọ, pé àwọn ọmọ wa gan-an ti ń lò ó.

Àwa ará Sẹkọna kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìtumọ̀ oríta. Ọ̀nà Gbọ̀ngán, ọ̀nà Akódà àti ọ̀nà Ifẹ̀ pàdé lọ́dọ̀ wa. Kò sí ẹrù tí ń gba oríta kọjá lójoojúmọ́ tí kì í ta díẹ̀ sílẹ̀. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jọ gbé jáde lórí ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà, láti ẹni ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ilẹ̀ Yorùbá ni iye náà ti ga jù lọ, ó lé ní ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Igbó ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò, tramadol àti omi ikọ́ tí ó ní codeine sì tẹ̀lé e. Kokéènì kò tíì pọ̀ tó wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ń fọwọ́ kan ibi ìdùnnú nínú ọpọlọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ọlọ́hun fi ìránṣẹ́ kan sínú ọpọlọ wa, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dopamine. Bí ebi bá pa wá tí a jẹun, bí ọmọ wa bá rẹ́rìn-ín sí wa, bí a bá parí iṣẹ́ tí ó le, ìránṣẹ́ yìí yóò jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan, yóò jẹ́ iṣẹ́ fún èkejì pé: “Ohun tí o ṣe yìí dára, tún un ṣe.” Bí ó bá ti jíṣẹ́ tán, ilẹ̀kùn kan wà tí yóò gbà padà sílé. Kokéènì ni ó ń lọ dí ilẹ̀kùn náà. Ìránṣẹ́ kò rí ọ̀nà padà, ó ń pariwo iṣẹ́ kan náà léraléra, inú ẹni náà yóò sì dùn kọjá ààlà. Bí ó bá fà á símú, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ó bá fín in, láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kò ní pẹ́ wákàtí kan kí adùn náà tó lọ, ìbànújẹ́ yóò sì gba ipò rẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo ladáánì wa. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì ń dákẹ́ bí ó bá ti pe ìrun tán. Bí ẹnìkan bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sójú fèrèsé yín, tí ó ń ké tọ̀sán-tòru, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ ó ti fèrèsé, ẹ ó ti ilẹ̀kùn, ẹ ó fi òwú dí etí. Lọ́jọ́ tí ladáánì bá wá fi ohùn ara rẹ̀ pe ìrun, ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí ọpọlọ ń ṣe fún ẹni tí ó bá ń lo kokéènì lọ́dún lọ́dún nìyẹn. Ó ń dín iye etí tí ó fi ń gbọ́ ìránṣẹ́ náà kù. Nígbà náà ni oúnjẹ yóò dàbí iyanrìn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ kò ní tu ú lára, ìrun kò ní dùn ún kí, àfi kokéènì nìkan ni ó lè ké dé ibi tí ó wà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, kokéènì pàápàá kò ní dùn mọ́ bí ti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè fi í sílẹ̀.

Àyípadà kejì wà níbi ìrántí. Ọpọlọ a máa so kokéènì mọ́ gbogbo ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀: ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ó, ilé tí wọ́n ti ń lò ó, orin tí ń dún nígbà náà, àní owó tí ó wọlé lójijì. Bí ó bá ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ó sì bá ọ̀kan nínú wọn pàdé, àyà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ara rẹ̀ yóò máa béèrè kí ó tó ro ohunkóhun.

Àyípadà kẹta ni ó ṣẹ́rù bà wá jù. Apá iwájú ọpọlọ, tí ó wà lẹ́yìn eegun iwájú orí tí a fi ń foríkanlẹ̀ fún Ọlọ́hun, ni ó ń ṣe ìjánu fún ènìyàn. Òun ni ó ń sọ fún wa pé: “Dúró, ronú ná.” Ní ọdún 1993, Dókítà Nora Volkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wo inú ọpọlọ àwọn tí kokéènì ti di bárakú fún. Wọ́n rí i pé etí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ti dín kù, wọ́n sì rí i pé bí ó ṣe dín kù tó ni iṣẹ́ apá iwájú ọpọlọ ṣe rẹlẹ̀ tó. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́, kò tíì padà sípò.

Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí ọmọ ìyá yẹn fi ń búra tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́ ni ó ń bú lọ́wọ́ àárọ̀. Nígbà tí ó bá fi di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹṣin ti lágbára ju ìjánu lọ. Àwa rò pé Kùránì ni ó ń fi ṣeré. A kò mọ̀ pé ohun tí ó fi ń mú ìlérí ṣẹ ni ó ti bàjẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ wa gbọ́dì. A kò sọ pé kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbé, òun ni ó gbé e, kò sì sí ẹni tí ó ti kokéènì bọ̀ ọ́ nímú. Títí di òní, ó wà lọ́rùn rẹ̀ láti wá ìwòsàn, kí ó sì dá ohun tí ó jí padà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí igi olè ni ó ti já bọ́, kò ní fi ìbúra rìn. Ẹ ó to eegun rẹ̀ ná.

Àwọn kan ní kokéènì dára ju ọtí lọ nítorí pé kì í jẹ́ kí ènìyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ó ń fún òpójẹ̀ pa, ó sì ń lé ọkàn sáré. Ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lè tipasẹ̀ rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè dákẹ́ lójijì. Bí ó bá mu ọtí pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ yóò po méjèèjì di májèlé mìíràn tí ó le fún ọkàn ju ti ìṣáájú lọ. Irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú, a ó sì máa wá ẹni tí ó ṣe é láàárín ẹbí. Nínú Súrà Al-Baqarah, àyah 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí á fi ọwọ́ ara wa fa ara wa sínú ìparun.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin náà àti fún gbogbo Mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú jùlọ.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ọkùnrin kan wà ní ayé Ànábì tí ọtí ti di bárakú fún. Léraléra ni wọ́n ń mú un wá, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ níyà. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan ṣẹ́ èpè lé e nítorí bí ó ṣe ń padà síbẹ̀ ṣáá. Ànábì kọ̀ ọ́, ó ní kí ó má ṣẹ́ èpè lé e, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà nífẹ̀ẹ́ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn, ó kìlọ̀ fún àwọn Sàhábà kí wọ́n má ṣe ran Èṣù lọ́wọ́ lórí ọmọ ìyá wọn. Hádíìsì wọ̀nyí wà nínú ìwé tí a kà nígbà tí a wà ní ilé-kéwú, a sì ti fi wọ́n ṣe wáàsí rí. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ ìdánwò dé, àwa náà ran Èṣù lọ́wọ́. A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun, a sì ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ ìyá náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí owó bá ń pòórá nílé, bí ọmọ yín kì í bá sùn fún ọjọ́ méjì tí ó sì wá sùn bí òkú, bí ó bá ń rù, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, tí inú ń bí i láìnídìí, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Ẹ má ṣe fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ igi, ẹ má sì ṣe gbé e fún ẹni tí yóò máa nà án. Ẹgba kì í tún ìjánu ọpọlọ ṣe. Ẹ má ṣe fi owó sí i lọ́wọ́, ẹ sì mú un jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń lò ó, nítorí ohun tí a sọ nípa ìrántí.

Àdúà dára, àwa náà yóò sì máa bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ́ wa pé kí á so ràkúnmí mọ́lẹ̀ kí á tó gbára lé Ọlọ́hun, ó sì sọ fún wa pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ifásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀nà tí ó ṣẹ́rí láti oríta wa yìí náà ni ó lọ síbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Ilé-ìwòsàn Aro wà ní Abẹ́òkúta. Àwọn ọdún 1950 ni Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, ó sì ní kí ẹbí bá wọn wá. Ó mọ̀ pé ara ilé ẹni wà lára oògùn ẹni. Bí ẹ kò bá sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àjọ NDLEA ní nọ́ńbà tí ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040.

Ẹ múra sílẹ̀ fún sùúrù. Kò tíì sí hóró oògùn kan tí ènìyàn yóò gbé mì tí kokéènì yóò sì kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀, ìṣọ́ra, àti oríyìn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí kò fọwọ́ kàn án ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nínú àwọn àyípadà tí a kà sílẹ̀, púpọ̀ a máa tún ara wọn ṣe díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn bá jáwọ́. Bí ó bá ṣubú lójú ọ̀nà, ẹ gbé e dìde. Ọmọ tí a ń sọ yìí, àwa àti ìyá rẹ̀ ni a jọ mú un lọ fún ìtọ́jú. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà. Ó tún ti padà sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ bẹ̀rù ọjọ́ tí làákàyè àwọn ọmọ ọlọ́mọ yóò di ẹlẹ́rìí lòdì sí yín. Àwa àfáà náà, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Bí ọ̀dọ́ tí kò ní iṣẹ́ bá fi owó ńlá ṣe sàárà, a kì í béèrè ibi tí ó ti rí i. A ń gbọ́wọ́ àdúà sókè pé kí ọ̀nà rẹ̀ máa là sí i. Ọ̀nà wo ni à ń ṣe àdúà fún? Láti òní lọ, kí á máa béèrè.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o jókòó sẹ́yìn, tí o mọ̀ pé ìwọ ni a ń bá wí, rántí pé nínú Súrà Az-Zumar, àyah 53, Ọlọ́hun pe àwọn tí wọ́n ti ṣe àbòsí sí ẹ̀mí ara wọn ní ẹrúsìn Rẹ̀, Ó sì ní kí wọ́n má ṣe sọ̀rètí nù nínú àánú Òun. Má ṣe fi ìrun sílẹ̀ nítorí pé ojú ń tì ọ́. Wá bá wa lẹ́yìn ìrun èyíkéyìí. A kò ní ní kí o búra.

Ẹ̀yin jamáà, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ti jókòó, ìpinnu ìjọ́sí ti parẹ́. A ó máa ti ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ̀rọ wà, ọgbọ́n ni ìyẹn. Ilẹ̀kùn ìrun kò ní tì mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́hun, dáàbò bo làákàyè wa àti ti àwọn ọmọ wa. Ọlọ́hun, wo àwọn tí bárakú dè sàn, tú wọn sílẹ̀, kí O sì fún àwọn ìyá tí kì í sùn nítorí wọn ní ìsinmi. Ọlọ́hun, má ṣe sọ wá di ìdènà láàárín Ìwọ àti ẹrúsìn Rẹ tí ń wá Ọ bọ̀. Fún ìlú Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti Nàìjíríà ní àlàáfíà. Foríjì wá, foríjì àwọn òbí wa, kí O sì fún wa ní dáadáa ní ayé àti ní ọ̀run. Āmīn.

Ẹ dìde, ẹ to sàfù, kí á kírun.